Kí Ló Ń Mú Kí Hóró Ìrẹsì Dá Dúró?

Obìnrin tó bá ń ṣòwò ní Takie, ní Ògbómọ̀ṣọ́, kì í sábà délé kí ilẹ̀ tó ṣú. Nígbà tó bá fi máa dé, ebi ti ń pa àwọn ọmọ. Àmàlà ni wọ́n jẹ lánàá, wọn ò fẹ́ ẹ lónìí. Jọ̀lọ́ọ̀fù ni wọ́n ń béèrè, tàbí fúráìdì ráìsì irú èyí tí wọ́n jẹ níbi ìgbéyàwó lọ́jọ́ Sátidé. Ó gbé ìkòkò kaná. Inú àpò kan náà ló ti bu ìrẹsì, ata ọjà kan náà ló lọ̀, ọwọ́ kan náà ló sì fi sè é. Síbẹ̀, ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá dá dúró ní hóró kọ̀ọ̀kan, ti òní dì mọ́ra, ṣíbí fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè wọ̀ ọ́. Kí ló fà á?

Ìbéèrè yìí ju ọ̀rọ̀ ìkòkò kan lọ. Púpọ̀ nínú oúnjẹ ilẹ̀ òkèèrè tó ti di oúnjẹ alẹ́ nílé wa, ìrẹsì ni. Jọ̀lọ́ọ̀fù ní gbòǹgbò ní Sẹ̀nẹ̀gà, fúráìdì ráìsì ní Ṣáínà, waakye ní Gánà, túwó, ìrẹsì tí wọ́n rò di òkèlè, ní ilẹ̀ Haúsá. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé èròjà ló yà wọ́n sọ́tọ̀, pé bí kọ́rì àti táìmù bá ti wà nílẹ̀, iṣẹ́ ti parí. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Èròjà ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀, àmọ́ ohun tó ya oúnjẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí sọ́tọ̀ jù lọ ni ohun tí alásè ṣe sí sítáàṣì inú hóró. Ẹni tó bá mọ bí sítáàṣì ṣe ń hùwà lè se gbogbo wọn láìná ju owó tó ń ná tẹ́lẹ̀ lọ.

Ohun tó wà nínú hóró

Nínú 100 gíráàmù ìrẹsì gbígbẹ, nǹkan bí 80 ló jẹ́ sítáàṣì. Omi kó nǹkan bí 12, purotéènì nǹkan bí 7. Sítáàṣì yìí ò ṣàjèjì sí wa: òun ni wọ́n ń yọ lára ẹ̀gẹ́ láti fi mú aṣọ le, òun náà ló pọ̀ jù nínú ògì. Nínú hóró, ó pín sí ẹyọ wíwẹ́ tí ojú lásán ò lè rí. Ẹ jẹ́ ká máa pe ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní kóro sítáàṣì.

Oríṣi sítáàṣì méjì ló pọ̀ mọ́ra nínú kóro kan. Ọ̀kan gùn tẹ́ẹ́rẹ́, kò fi bẹ́ẹ̀ yà síbì kan. A ó pè é ní sítáàṣì olókùn, èyí tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní amylose. Èkejì yọ ẹ̀ka, ẹ̀ka rẹ̀ sì tún yọ ẹ̀ka. A ó pè é ní sítáàṣì ẹlẹ́ka, èyí tí wọ́n ń pè ní amylopectin. Bí ọ̀kan ṣe pọ̀ sí nínú ìrẹsì ju èkejì lọ ló ń pinnu ìwà ìrẹsì náà. Ìrẹsì kan wà tí wọ́n ń jẹ ní Laos àti àríwá Thailand, tí olókùn fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí nínú rẹ̀ rárá. Ó máa ń lẹ̀ débi pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣù ú bí òkèlè. Nínú sítáàṣì ìrẹsì Japan, olókùn kì í sábà ju nǹkan bí 20 nínú 100 lọ; nínú basmati ilẹ̀ Íńdíà, ó máa ń wà láàárín 20 sí 25. Àwọn kan wà tí tiwọn ju bẹ́ẹ̀ lọ, hóró irú wọn sì máa ń le bí ó bá tutù.

Ẹni tó bá ti ro ẹ̀kọ rí ti fojú ara rẹ̀ rí ohun tí sítáàṣì ń ṣe nínú omi. Da ògì sínú omi tútù, kó o fi í sílẹ̀: yóò rọ̀ sísàlẹ̀, omi rẹ̀ yóò sì tòrò lókè. Kóro sítáàṣì ò rí omi tútù mu. Ṣùgbọ́n bí omi gbígbóná bá kàn án, kóro kọ̀ọ̀kan á wú, á fa omi mọ́ra, ohun tó ń ṣàn bí omi á sì dì lójú ẹni. Ní ti ìrẹsì, ìwọ̀n Celsius 60 sí 75 ni èyí sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ó ti bẹ̀rẹ̀ kí ìkòkò tó hó. Lẹ́yìn náà, wo ẹ̀kọ tí wọ́n pọ́n sínú ewé. Nígbà tó gbóná, ó rọ̀ gan-an. Nígbà tó bá tutù, ó lè dá dúró lórí àwo. Kò sẹ́ni tó fi nǹkan kún un. Okùn sítáàṣì tí ooru ti tú ká ló tún ń to ara wọn bó ṣe ń tutù, tí wọ́n sì ń di ara wọn mú. Mo pe èyí ní ìpadàle, nítorí pé ohun tó ti rọ̀ ló padà le. Sítáàṣì olókùn ló ń yára padà le, láàárín wákàtí díẹ̀. Ẹlẹ́ka ń fà á nílẹ̀, ó lè gbà á ní ọjọ́ mélòó kan.

Wíwú, dídì àti ìpadàle yìí kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ìrẹsì. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé inú hóró ni a fẹ́ kó ti ṣẹlẹ̀, kì í ṣe nínú omi tó yí hóró ká. Bí hóró bá ń wú, apá kan sítáàṣì rẹ̀ máa ń jò síta. Èyí tó jẹ́ ẹlẹ́ka nínú ohun tó jò náà á bo ara hóró bí àtè, á sì so ó mọ́ èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìdáhùn ìbéèrè wa nìyí: hóró dá dúró nígbà tí ìjò bá kéré, ó lẹ̀ nígbà tí ìjò bá pọ̀. Omi àpọ̀jù ń mú un jò. Àsèjù ń mú un jò. Rírò ó lemọ́lemọ́ ń mú un jò, nítorí pé ṣíbí ń ha ara hóró tó ti rọ̀. Hóró tó ti kán sì ń jò ju odidi lọ, ojú ibi tó ti kán ṣí sílẹ̀.

Ìrẹsì tí wọ́n ti sè kó tó dé ọjà

Ìdajì iṣẹ́ náà ti parí kí a tó ra ìrẹsì. Púpọ̀ nínú ìrẹsì tí wọ́n ń fi kóńgò wọ̀n ní Takie ni wọ́n ti bọ̀ nígbà tó ṣì wà nínú èèpo. Wọ́n á rẹ ìrẹsì eléèpo sínú omi, wọ́n á fi ooru omi gbígbóná bọ̀ ọ́, wọ́n á sá a kó gbẹ, lẹ́yìn náà ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e lọ sẹ́nu ẹ̀rọ tí yóò bó èèpo rẹ̀. Sítáàṣì inú rẹ̀ ti wú lẹ́ẹ̀kan, ó sì ti padà le. Ìdí nìyẹn tí hóró rẹ̀ fi ń dán, tó pọ́n díẹ̀ bí àwọ̀ epo, tó sì le láti fi eyín gé ní tútù. Hóró tó ti ní sísán tẹ́lẹ̀ á dì pọ̀ padà nígbà tí wọ́n ń bọ̀ ọ́, nítorí náà kì í fi bẹ́ẹ̀ kán lẹ́nu ẹ̀rọ. Nínú ìkòkò ilé, ìjò rẹ̀ kéré. Ìrẹsì Ọ̀fàdà náà gba ọ̀nà yìí. Ọjọ́ mélòó kan tí wọ́n fi ń rẹ ẹ́ sínú omi ló fún un ní òórùn tirẹ̀.

Bíbọ̀ yìí ní èrè kan tó kan ìlera. Ní àwọn ọdún 1890, ní erékùṣù Java, dókítà ará Netherlands kan, Christiaan Eijkman, kíyè sí i pé adìyẹ tí wọ́n ń fi ìrẹsì funfun tí wọ́n ti bó dáadáa bọ́ kò lè fẹsẹ̀ rìn mọ́. Nígbà tí wọ́n padà fún wọn ní ìrẹsì tí eèrí rẹ̀ ṣì wà lára, ara wọn yá. Àìsàn beriberi tó ń da ẹsẹ̀ àti ọkàn àwọn èèyàn láàmú nígbà yẹn jọ ti àwọn adìyẹ náà. Ohun tó wà nínú eèrí yẹn la wá mọ̀ sí fítámì B1. Eijkman gba ẹ̀bùn Nobel ní 1929, òun àti Frederick Hopkins. Nígbà tí wọ́n bá ń bọ ìrẹsì nínú èèpo, apá kan fítámì yìí máa ń bá omi wọ inú hóró lọ, tó fi jẹ́ pé bí wọ́n tilẹ̀ bó eèrí dànù, ó ṣì kù.

Ó dùn mí pé àwa fúnra wa là ń da èyí tó kù náà sí gọ́tà. Ọ̀pọ̀ ilé ló jẹ́ pé wọ́n á kọ́kọ́ se ìrẹsì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n á da omi rẹ̀ nù, wọ́n á fọ̀ ọ́, kí wọ́n tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sè é. Lóòótọ́, sítáàṣì tó ti jò á bá omi lọ, hóró á sì dá dúró. Ṣùgbọ́n fítámì B máa ń yọ́ sínú omi, òun náà ń bá a lọ. Bí ìrẹsì bá ti jẹ́ èyí tí wọ́n bọ̀, ẹ fi omi tútù fọ̀ ọ́ títí omi yóò fi mọ́ díẹ̀. Èyí á ṣan ìyẹ̀fun tó bò ó lára láti inú àpò, ó sì tó. Bíbọ̀ ká dà á nù dára fún ìrẹsì tí òórùn rẹ̀ bá lágbára jù. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ti ẹnubodè orí ilẹ̀ pa ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ọ̀pọ̀ ilé sún mọ́ ìrẹsì ilẹ̀ wa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, èyí sì tẹ́ mi lọ́rùn. Kí ẹni tó bá ń rà á ṣáà bi ìyá ọlọ́jà bóyá tuntun ni tàbí èyí tó ti pẹ́ nílẹ̀. Ìrẹsì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kórè máa ń lẹ̀ ju èyí tó ti lo oṣù mélòó kan nínú àká lọ, nítorí náà omi rẹ̀ gbọ́dọ̀ dín.

Sẹ̀nẹ̀gà àti ọ̀rọ̀ omi

Orúkọ jọ̀lọ́ọ̀fù wá láti ọ̀dọ̀ àwọn Wolof àti ìjọba Jolof wọn àtijọ́. Baba oúnjẹ náà ni ceebu jën, ìrẹsì àti ẹja, tí àwọn ará Saint-Louis létí òkun ń fi yangàn. UNESCO kọ ọ́ mọ́ ara ogún ìran ènìyàn ní 2021. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ìrẹsì kíkán ni wọ́n fẹ́ràn láti fi sè é. Láyé ìjọba amúnisìn, àwọn Faransé ń fi ọkọ̀ ojú omi kó ìrẹsì kíkán wá láti Indochina sí Sẹ̀nẹ̀gà, ó sì mọ́ wọn lẹ́nu. A sì ti sọ pé hóró kíkán ló ń jò jù. Báwo ni tiwọn ò ṣe di túwó? Wọn kì í jù ú sínú omi lójú ẹsẹ̀. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á gbé e sínú ajere lórí ìkòkò ọbẹ̀ ẹja tó ń hó, kí ooru omi kọ́kọ́ bọ̀ ọ́. Ojú ibi tó kán á dì, á le díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á dà á sínú ọbẹ̀. Bí ẹ bá ra ìrẹsì tó kán púpọ̀ nítorí owó rẹ̀ kéré, ọ̀nà tí ẹ lè gbà sè é nìyẹn.

Àwa ń fi ìrẹsì gígùn tí wọ́n ti bọ̀ ṣe jọ̀lọ́ọ̀fù, nítorí náà omi ló ń dà wá láàmú ju hóró lọ. Ìṣirò kan wà tí kì í sábà hàn síni. Kọ́ọ̀pù ìrẹsì kan kì í mu ju nǹkan bíi kọ́ọ̀pù omi kan àti ìdámẹ́rin lọ kó tó jinná. Ìyókù tí a dà sí i, inú afẹ́fẹ́ ló ń lọ. Èyí tó ń lọ yìí kò bá iye ìrẹsì rìn. Fífẹ̀ ìkòkò, bí ọmọrí ṣe bò ó tó, àti bí iná ṣe pẹ́ tó ló ń bá rìn. Ká sọ pé kọ́ọ̀pù ìrẹsì méjì jinná dáadáa pẹ̀lú kọ́ọ̀pù omi mẹ́rin nínú ìkòkò yín: méjì àbọ̀ wọ inú hóró, ọ̀kan àbọ̀ bá ooru lọ. Bí àlejò bá dé, tí ẹ sọ ìrẹsì di kọ́ọ̀pù mẹ́rin nínú ìkòkò kan náà, kọ́ọ̀pù omi mẹ́jọ kọ́ ló kàn. Márùn-ún ni hóró máa mu, ọ̀kan àbọ̀ ló máa lọ: mẹ́fà àbọ̀ ti tó. Kọ́ọ̀pù kan àbọ̀ tó ṣẹ́ kù yẹn ló ń sọ ìrẹsì àlejò di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀. Ẹ rántí pé tòmátì tútù fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ omi pátá, nǹkan bí 94 nínú 100. Ata tí a kò dín gbẹ jẹ́ omi tí a kò kà.

Díndín ata títí òróró yóò fi léfòó ń ṣe nǹkan méjì. Omi rẹ̀ á lọ, a ó sì lè mọ iye èyí tó kù nínú ìkòkò. Òróró náà á sì wà ní ṣẹpẹ́ láti bo hóró nígbà tí a bá da ìrẹsì sí i, kí a yí i pọ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí omi ẹran tó kàn án. Díẹ̀ nínú sítáàṣì olókùn á wé mọ́ ọ̀rá, wíwú rẹ̀ á sì rọra. Lẹ́yìn èyí, ẹ bò ó, ẹ dín iná kù, ẹ má sì rò ó. Ọbẹ̀ ata ki, kì í yí káàkiri nínú ìkòkò bí omi lásán, nítorí náà ìsàlẹ̀ ni iná ń bá jà. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá ṣì wà níbẹ̀, ooru ibẹ̀ kò lè fi bẹ́ẹ̀ kọjá ìwọ̀n Celsius 100. Bí omi bá ti tán, ó ń fò sókè, nígbà tó bá sì kọjá nǹkan bí 140, hóró ìsàlẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, á máa ta òórùn jọ̀lọ́ọ̀fù òde ìnáwó. Àwọn ará Iran mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe é, tahdig ni wọ́n ń pè é, òun sì ni wọ́n fi ń dá àlejò lọ́lá. Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ló wà láàárín èyí tó pọ́n àti èyí tó jó.

Ìrẹsì àná

Àwọn ará Ṣáínà kì í fẹ́ fi ìrẹsì gbígbóná ṣe fúráìdì ráìsì. Ti àná ni wọ́n fẹ́. Ìpadàle ló fà á: ìrẹsì tó sùn ti le, ara rẹ̀ ti gbẹ. Bó bá kan òróró gbígbóná, ó dín. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná ní omi lára, omi yẹn gbọ́dọ̀ lọ tán kí ó tó lè dín, kó sì tó lọ, hóró ti fọ́. Ìdí kan náà ló ń mú kí tiwa bàjẹ́ nígbà tí a bá da kárọ́ọ̀tì, ẹ̀dọ̀ màlúù àti gbogbo ìrẹsì sínú páànù lẹ́ẹ̀kan. Páànù á tutù, omi ara wọn á jáde, a ó sì máa bọ wọ́n dípò kí a máa dín wọn. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ dín in.

Ṣùgbọ́n ìrẹsì àná ní ewu tó yẹ kí gbogbo ìyá ilé mọ̀. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tó ń jẹ́ Bacillus cereus. Inú ilẹ̀ ló ń gbé, ó sì ń bá ìrẹsì bọ̀ láti oko. Ó lè ká ara rẹ̀ mọ́ inú èèpo líle kan tí híhó omi kò lè pa. Bí ìrẹsì jíjinná bá wà ní lílọ́wọ́ọ́wọ́, láàárín ìwọ̀n Celsius 5 sí 60, ó máa ń jí, ó máa ń bí sí i, ó sì máa ń tu oró sílẹ̀. Gbígbóná lẹ́ẹ̀kejì lè pa kòkòrò náà, àmọ́ kò lè pa oró tó ti tu sílẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni wọ́n dá èébì tí oró yìí ń fà mọ̀ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí àwọn tó jẹ fúráìdì ráìsì ní ilé oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í bì.

Ẹni tí iná mọ̀nàmọ́ná ilé rẹ̀ kì í dúró kò gbọ́dọ̀ gbójú lé fíríìjì. Ìmọ̀ràn mi fún un ni pé kó má tilẹ̀ jẹ́ kí ìrẹsì sùn. Kó dín omi rẹ̀ kù díẹ̀ sí iye tó máa ń lò, kó sè é títí tó fi kù díẹ̀ kó jinná, kó sì tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sórí àwo fífẹ̀ tàbí tíréè, kó fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí i nígbà tó bá ń gé kárọ́ọ̀tì àti àlùbọ́sà. Láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, omi ara rẹ̀ á ti gbẹ, ìpadàle á sì ti bẹ̀rẹ̀. Kò ní le tó ti àná, àmọ́ ó le tó láti dín. Ẹni tí fíríìjì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ gbé ìrẹsì wọ̀ ọ́ láàárín wákàtí kan tàbí méjì, kì í ṣe kó fi í sórí sítóòfù di àárọ̀.

Ọ̀nà àwọn tó ti Gánà bọ̀

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn oníṣòwò Yorùbá pọ̀ nínú wọn, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ sì wà láàárín wọn, àwọn tó ti ń tajà láti Kumasi títí dé Tamale. Ẹni tó bá gbé ibẹ̀ mọ waakye: ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n sè pọ̀, tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Àwọn tó ń sọ èdè Haúsá ló fún un lórúkọ.

Ìrẹsì pẹ̀lú ẹ̀wà ò ṣàjèjì sílé wa, ṣùgbọ́n ọ̀nà ti Gánà yè kooro. Ẹ̀wà ni wọ́n ń kọ́kọ́ sè, pẹ̀lú kán-ún díẹ̀ àti ewé ọkà bàbà gbígbẹ, irú ewé tí àwọn Fúlàní fi ń mú wàrà pọ́n. Nǹkan kan bí àtè ló so inú ẹ̀wà pọ̀. Kán-ún ń tú àtè yìí, ẹ̀wà á sì tètè rọ̀; ohun kíkan ń mú un le. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí tòmátì kan ẹ̀wà tí kò tíì rọ̀. Kán-ún tún ń fa àwọ̀ pupa jáde lára ewé. Àmọ́ ó ń ba fítámì B1 jẹ́, kí ó jẹ́ ìba díẹ̀. Nígbà tí ẹ̀wà bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rọ̀ tán ni kí ẹ yọ ewé, kí ẹ wo iye omi tó kù, kí ẹ sì da ìrẹsì sí i gẹ́gẹ́ bí ìṣirò tí a ti ṣe.

Ní ti túwó, gbogbo ohun tí a ti ń sá fún láti ìbẹ̀rẹ̀ ni a ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe. Àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó gbé Jos mọ̀ ọ́n dáadáa. Ìrẹsì tí wọ́n ti bọ̀ nínú èèpo kò wúlò fún un, ìpadàle rẹ̀ kò ní jẹ́ kó fọ́. Ìrẹsì túwó ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ọlọ́jà: ó kúrú, ó funfun, ó sì rọ̀ lẹ́nu. Ẹ da omi púpọ̀ sí i, ẹ jẹ́ kó jinná kọjá ààlà, kí ẹ wá fi ọmọrógùn rò ó kíkankíkan nígbà tó ṣì gbóná. Ní gbogbo ìgbà tí ọmọrógùn bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, hóró ń fọ́, sítáàṣì ẹlẹ́ka ń tú jáde, títí kò fi ní sí hóró mọ́. Ẹ bù ú kí ó tó tutù, nítorí bó bá ti tutù, sítáàṣì tó ti jò náà á bẹ̀rẹ̀ sí í padà le, òkèlè á sì le lọ́wọ́.